Orúkọ Tí Manolis Yá Àwọn Ọ̀gá Rẹ̀

Ṣòkòtò ló mú Arvilla pàdé Manolis. Aránṣọ ni Arvilla ní Mirasol, òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ní Las Vegas. Òun ló ń rán ẹnu àpò àwọn tó ń pín káàdì pa, kí wọ́n má baà ti owó tẹ́tẹ́ bọ̀ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gíríìkì kan nínú wọn, Manolis, gbé ṣòkòtò tirẹ̀ wá.

“Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àpò kan sílẹ̀ fún mi. Níbo ni kí n máa kọ́wọ́ sí tí ojú bá ń tì mí?”

“Ojú ń ti irú ìwọ náà? Gbé e síbẹ̀, jàre. Lójú àwọn ọ̀gá yín, olè ni gbogbo yín.”

“Àwọn ọ̀gá náà ńkọ́? Ta ló ń rán àpò tiwọn pa?”

Arvilla rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn, wọn kì í kàn sọ ọ́ sókè ni. Àwọn jàǹdùkú ìlú Cleveland ní Ohio ló kọ́ Mirasol, Corley ni olórí wọn níbẹ̀, àwọn náà ló sì ń bu owó ibẹ̀ kí ìjọba tó rí i. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù sìgá kan ní Ohio ni Manolis ti ń pín káàdì fún wọn tẹ́lẹ̀, níbi tí òfin ti ka tẹ́tẹ́ léèwọ̀, àmọ́ ọlọ́pàá kò rí i mú rí. Ní tirẹ̀, ẹni tó bọ́ni yó kì í ṣe èèyàn burúkú.

Bàbá Arvilla, Orson, kò gbà bẹ́ẹ̀. Alàgbà ìjọ Mọ́mọ́nì ni, ó ń gbin bàrà olómi ní abúlé Moapa, kì í mu ọtí, kì í tilẹ̀ mu kọfí. Omi tútù ló gbé fún Manolis nígbà tó wá tọrọ ọmọ.

“Ọmọkùnrin, mo rí i pé inú rẹ dáa. Ṣùgbọ́n àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Fi ilé tẹ́tẹ́ sílẹ̀, wá bá mi fa omi sóko. Ọjọ́ tí o bá kúrò níbẹ̀, ọmọ mi di tìrẹ.”

“Mo gbọ́, bàbá. Kí ẹ tó kórè, mo ti dé.”

Inú Arvilla dùn dẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀.

Ìkórè kù díẹ̀ nígbà tí Manolis já wọ yàrá ìránṣọ pẹ̀lú kóòtù tuntun lọ́rùn.

“Ayọ̀ mi, a ti nílé! Ọ̀gá Corley ló fún wa.”

“Kí lo fún un?”

“Kò gba nǹkan kan. Ìjọba kì í fún ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n ní láísẹ́ǹsì ilé tẹ́tẹ́, gbogbo wọn ló sì ti ṣẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní kí n fi orúkọ mi sí i. Orúkọ lásán ni, olólùfẹ́. Mo fọwọ́ sí i láàárọ̀.”

Arvilla gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

“Orúkọ Tully ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Tully dà?”

“Wọ́n ní ó lọ sí Mexico.”

“Inú aṣálẹ̀ ni wọ́n ti rí mọ́tò rẹ̀, Manolis. Ṣé ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sí Mexico ni?”

 Manolis lọ bá Corley lójú ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun. Corley gbá a lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀rín.

“Ọmọ wa ni ọ́. Àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́? Moapa ni bàbá rẹ̀ wà, àbí? Mo gbọ́ pé bàrà ibẹ̀ dùn.”

Manolis padà sọ́dọ̀ Arvilla, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

“Jẹ́ ká sá lọ,” ni Arvilla wí.

“Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ wá mi lọ.”

“Ó dáa, fẹ́ mi níbí. Mi ò bẹ̀rù wọn.”

“Èmi ń bẹ̀rù. Tí mo bá fẹ́ ọ, orúkọ mi ni wàá máa jẹ́, mo sì ti fún wọn. Arvilla mi, kò ku nǹkan kan lọ́wọ́ mi tí mo lè fún ọ. Máa lọ sílé.”

Arvilla ká aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Orson fi ọkọ̀ akẹ́rù wá gbé ọmọ rẹ̀.  Bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú òtẹ́ẹ̀lì, Manolis wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Corley, ó ń kí àlejò káàbọ̀ bí onílé. Corley na ìka sí ọkọ̀ náà, ó sì bi í ní ìbéèrè kan. Manolis gbé èjìká, ó rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò kàn án mọ́.

Arvilla mọ̀ pé nítorí kí wọ́n má baà fọwọ́ kan òun àti bàbá òun ni, ó sì mọ ohun tí ẹ̀rín yẹn ná Manolis. Ó sunkún títí wọ́n fi dé Moapa.