Ẹni tí Kò Gba Ọpẹ́ ní Malu Road

Tírélà kan ń kọjá nígbà tí Ṣàfíù gbé àpò Ghana-must-go rẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà ní Malu Road. Ilẹ̀ mì. Gílóòbù tó so kọ́ sókè ń fì, omi inú ife orí tábìlì ń ru, àwọn ìdè kéékèèké inú abọ́ sì ń kan ara wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì kò mì rárá. Ó ń fi sukudiráífà de ìdè kan tí kò tó hóró ìrẹsì, ó ń dè é lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé orí ilẹ̀ mìíràn ni àga tirẹ̀ wà.

"Kí lo gbé wá?" Kò gbójú sókè.

"Ẹ káàsán, sà. Kọ̀ǹpútà mi ló kú. Wọ́n ní ẹ máa ń to òmíràn láti ara àlòkù."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti pọ̀ fún Ṣàfíù. Láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé, inú géèmù nìkan ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde dáadáa. Àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ló kó ara wọn jọ, Desmond ni olórí wọn, wọ́n sì fẹ́ lọ bá àwọn ará Ìjọra díje. Níbi ìgbáradì wọn, àwọn ọ̀tá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni kọ̀ǹpútà Ṣàfíù dákú, ó rú èéfín, ó sì kú pátápátá.

"Ṣàfíù, your pangolo don die!" Desmond rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Go find typewriter marry!" Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní bí kò bá sí ẹ̀rọ gidi kí ìdíje tó dé, òun á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣàfíù kò sì ní ẹgbẹ́ mìíràn láyé.

Martins ni gbogbo ojú ọ̀nà ń pe ọkùnrin inú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó tú àpò, ó yẹ inú rẹ̀ wò. Ó ní kéèsì àtijọ́ náà ṣì ṣeé lò, fáànù rẹ̀ náà ṣì dára. Ó ju ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó na ọwọ́ sí bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ kan lórí pẹpẹ, àti káàdì kan tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ ọ́fíìsì kan ní Àpápá, èyí tó ń gbé àwòrán géèmù.

"Kì í ṣe ti olówó, ṣùgbọ́n kò ní dákú lójú ogun." Ìgbà náà ló gbójú sókè. Ó wo Ṣàfíù, ó sì wò ó pẹ́.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Ràímì, sà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti ṣaláìsí."

Sukudiráífà bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Gbé ẹrù rẹ. Jáde."

"Ah-ah, Papa Tari!" Ìyàwó rẹ̀, Eucharia, ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó pọn ọmọ. "Wetin the boy do you? Since morning customer no show, na the one wey come you dey pursue?"

Ọkùnrin náà wo ìyàwó, ó wo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Máa wá lọ́sàn-án. Ìwọ nìkan. Bí mo bá parí, gbé e, má padà wá síbí mọ́ láéláé. Má sọ̀rọ̀ mi nílé."

Ṣàfíù ń wá, ó ń jókòó sórí kéètì mínírà òfìfo, ó ń wo iṣẹ́. Ó rí i pé eruku Malu Road bo gbogbo nǹkan títí kan irun ojú Eucharia, ṣùgbọ́n bàtà Martins mọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí. Ó rí i pé fóònù kì í gbọ́ ìka rẹ̀. Yóò tẹ ojú fóònù, yóò tún un tẹ̀, fóònù náà yóò wò ó suu, títí Eucharia yóò fi wá bá a tẹ̀ ẹ́. "Your hand too cold," obìnrin náà á sọ, á sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ Èkó ni Martins pe ara rẹ̀, àmọ́ ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń fà bíi ti ìyá Ṣàfíù.

Bí Ṣàfíù bá dúpẹ́, ojú ọkùnrin náà á le bí ojú ẹni tí wọ́n bú.

"Mo ní kí o má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣé etí rẹ di ni?"

Nílé, Moríyọ̀ ìyá rẹ̀ rí i pé inú ọmọ òun ń dùn. Ó ń ká òwú ìránṣọ tó ń tà, ó béèrè ẹni tó ń to ẹ̀rọ náà.

"Ọkùnrin kan ni, lẹ́yìn àwọn tó ń lẹ táyà tírélà ní Malu Road. Ó ní kí n má sọ, Màámi. Kò fẹ́ ọpẹ́."

"Ta ni kì í fẹ́ ọpẹ́? Ẹnìkan ṣe ọmọ mi lóore, kí èmi jókòó sílé? Ṣé inú igbó ni wọ́n ti bí mi?"

Ṣàfíù fẹ́ sọ pé kí ó má lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ká òwú. Báwo ni ọmọ ṣe máa ní kí ìyá òun má dúpẹ́ oore?

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, Martins tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí. Iná aláwọ̀ búlúù tàn nínú kéèsì àtijọ́ náà, ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, géèmù ṣí láìdúró. Ṣàfíù sún mọ́ ọn, ó ń rí ara rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ bí Desmond ṣe ń pariwo orúkọ rẹ̀.

"Gbé e kíá," ni Martins wí. "Máa lọ."

Àmọ́ Moríyọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ọ̀pẹ òyìnbó lọ́wọ́. Kò tíì wo ojú ẹnikẹ́ni tó fi kúnlẹ̀, tó sì tẹ orí ba, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni ìyá Ṣàfíù. Oore tí ẹ ṣe, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ ó pẹ́ láyé. Ẹ kò ní kú ikú òjijì."

"Amen o, Mama!" Eucharia nìkan ló dáhùn.

Moríyọ̀ gbórí sókè. Ọ̀pẹ òyìnbó náà yí lọ sábẹ́ tábìlì.

"Kàmọ́rù?"

"Mama, Martins na him name," Eucharia ń rẹ́rìn-ín.

"Kàmọ́rù, àbúrò Ràímì." Ohùn ìyá náà ti tínrín bí òwú tó ń tà. "Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi wẹ̀ ọ́. Wọ́n gbé ọ kọjá níwájú mi nínú aṣọ funfun. Ṣàfíù yìí ni mo pọ̀n lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ… ojú rẹ kò tilẹ̀ gbó."

Ṣàfíù sún sẹ́yìn. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà rí: ẹni tó kú tó sì lọ ń gbé ìlú mìíràn, ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá dá a mọ̀ ni ìjókòó rẹ̀ níbẹ̀ parí.

Ọkùnrin náà kò wo Moríyọ̀. Ṣàfíù ló ń wò, pẹ̀lú ìkórìíra tí kò ní ariwo nínú.

"Mo sọ fún ọ," ó ní jẹ́jẹ́.

Ó dìde. Ó na ọwọ́ sí orí ọmọ ẹ̀yìn Eucharia, ó kù díẹ̀ kó kàn án, ó sì fà á padà.

"Papa Tari, wetin she dey talk? Who die?" Eucharia di aṣọ rẹ̀ mú. "Talk na!"

Aṣọ náà yọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò Ṣàfíù, Desmond ló ń pè. Kò sẹ́ni tó gbé e, kò sì sẹ́ni tó wo ẹ̀rọ tó ń tàn lórí tábìlì. Ọkùnrin náà bọ́ sójú títì, ó kọjú sọ́nà Kirikiri. Eucharia sáré tẹ̀lé e láìwọ bàtà, ó ń pè é, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà kò wẹ̀yìn.