Àna Ọ̀gá Méjì

Ìjà ló ń lọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí Sìmbíátù kọ́kọ́ fojú kan Dúró, ìjà àwọn àgbààgbà sì ni. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òwò, níbi tí Sìmbíátù ti ń ṣiṣẹ́, ní àwọn ló láṣẹ lórí ọjà tó ń wọlé láti òkè òkun. Iléeṣẹ́ ìṣúná, níbi tí Dúró wà, ní irọ́ gbuu, ẹni tó di àpò owó mú ló ni ọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ rán àwọn èèyàn lọ bá òyìnbó dúnàá-dúrà, ìhà kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ ṣe aṣíwájú.

Ọ̀gá Àkànbí ti òwò gbá tábìlì. Ọ̀gá Mọ́rúfù ti ìṣúná náà gbá a. Dúró wo Sìmbíátù láti òdìkejì, ó ṣẹ́jú sí i. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Ọ̀gá Àkànbí bi í.

"Ikọ́ ni, sà."

Nírọ̀lẹ́, nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ajah, ta ló tún jókòó tì í? Dúró náà ni! Igbó Ẹfọ̀n ló ń gbé.

"Àǹtí, ṣé ikọ́ yẹn ti lọ?"

"Jọ̀ọ́, má bá mi sọ̀rọ̀. Bí ọ̀gá mi bá rí wa, mo gbé!"

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí bọ́ọ̀sì fi dé Ajah, Dúró ò tiẹ̀ rántí sọ̀ kalẹ̀ ní Igbó Ẹfọ̀n.

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ wọ́n lára nìyẹn. Ní ọ́fíìsì, wọn kì í kí ara wọn, torí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ti kìlọ̀ pé ọ̀tá ni ará ọ̀hún. Ṣùgbọ́n létí ọ̀sà, Dúró á ní, "Olólùfẹ́ mi, Àdùkẹ́ mi," orí Sìmbíátù á sì wú.

Nígbà tó yá, wọ́n pinnu láti fẹ́ra. Bàbá Dúró ti kú. Ọ̀gá Mọ́rúfù ló tọ́ ọ dàgbà, òun ni yóò ṣe bàbá ọkọ. Bàbá Sìmbíátù, Bàbá Tàjùdéèn, olórí àwọn apẹja, ní tirẹ̀ kò bi ẹnikẹ́ni. Ó lọ fúnra rẹ̀, ó pe Ọ̀gá Àkànbí. "Ẹni tó fún ọmọ mi níṣẹ́, bàbá rẹ̀ ni," ó ní. Àárọ̀ ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ gan-an ni Sìmbíátù tó gbọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ẹbí ọkọ ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó.

Nínú àgbàlá oníyanrìn Bàbá Tàjùdéèn, Dúró kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó nà gbalaja. Àwọn ará rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀gá Mọ́rúfù nìkan ló dúró ṣánṣán. Ó ti rí ẹni tó jókòó ti bàbá ìyàwó.

"Èmi? Kí n dọ̀bálẹ̀ fún Àkànbí?"

Ọ̀gá Àkànbí gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. A ò kánjú."

"Kó lè máa sọ káàkiri pé ìṣúná ti tẹrí ba fún òwò? Láéláé!"

Ojú Bàbá Tàjùdéèn le. "Bí bàbá ọkọ ò bá lè dọ̀bálẹ̀, ẹ kó iṣu yín, ẹ máa lọ. N ò ní fọmọ fún ilé tí wọ́n ti máa fojú tín-ín-rín rẹ̀."

Nínú yàrá, Sìmbíátù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyàwó kì í jáde bí wọn ò bá tíì pè é, ṣùgbọ́n ó jáde. Ìyá rẹ̀ kígbe pé, "Yéè, o dójú tì mí!" Kò wẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ọ̀gá Àkànbí.

"Ọ̀gá mi, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo fẹ́ràn Dúró. Bó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn lọ, n ò ní ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ wọn, kí ẹ bá wọn tọrọ mi."

Ọ̀gá Àkànbí wo ọmọbìnrin náà, ó wo Dúró tí iyanrìn ti bò lójú. Ó ṣí fìlà, ó dìde lórí àga, ó sì lọ nà sílẹ̀ láàárín àwọn ẹbí ọkọ.

"Mọ́rúfù," ó ní, "bàbá ìyàwó nìkan ló kù lókè."

Ọ̀gá Mọ́rúfù wo àga tó ṣófo. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ká agbádá, òun náà nà gbalaja. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀. Àwọn apẹja ń pàtẹ́wọ́, àwọn obìnrin ń hó yèè!

"Ẹ dìde, ẹ̀yin àna mi," Bàbá Tàjùdéèn wí. "A ti fún yín."

Gbogbo wọn dìde, àfi Dúró. Omi ayọ̀ ló ń bọ́ lójú rẹ̀, kò fẹ́ kí wọ́n rí i. Sìmbíátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú gbogbo ayé.

"Dìde," ó ní, "ọkọ mi."