Fèyíkẹ́mi Tó Jíwèé Wò

Ǹjẹ́ o ti rí ẹni tó jíwèé wò nínú ìdánwò tí wọ́n ti ń bi í pé, "Irú ènìyàn wo ni ọ́?" Ó dà bí ẹni tó ń bi aládùúgbò rẹ̀ léèrè bóyá ebi ń pa òun. Má tíì rẹ́rìn-ín o. Olúwafèyíkẹ́mi ṣe é, ó sì kù díẹ̀ kí ó gbé e dé ọ̀run àpáàdì.

Aránṣọ ni Fèyíkẹ́mi ní ìlú Ọ̀yọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá rán ọrùn aṣọ, wàá wá ojú abẹ́rẹ́ níbẹ̀ tì. Inú ìjọ ni wọ́n bí i sí. Ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, kò mutí, kò jalè. Nítorí náà kò sí ẹni tó mọ̀ pé ohun kan ń jẹ ẹ́ nínú bí ikán ṣe ń jẹ igi. Owú ni.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Dámisí, ni Fèyíkẹ́mi ń jowú. Àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì ṣe fírídọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n Dámisí kò pẹ́ nídìí aṣọ rírán. Ó kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ta òkìrìkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ọmọ náà lẹ́nu! Bí ó bá ń na aṣọ sókè tí ó ń dápàárá, ẹni tó ń kánjú lọ síléèwé yóò dúró, ẹni tí kò fẹ́ ra nǹkan yóò rà.

Nígbàkigbà tó bá wá sílé ní Ọ̀yọ́, ńṣe ni àwọn ènìyàn máa ń pé lé e lórí lẹ́yìn ìsìn. Fèyíkẹ́mi yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò máa rẹ́rìn-ín ètè. "Kí ló ní tí èmi ò ní?" Ìbéèrè tó máa ń bi ara rẹ̀ nìyẹn tó bá padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ní Sátidé kan, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ náà ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Olùkọ́ kan tí wọ́n pè, Bùrọ̀dá Philip, pín ìwé ìbéèrè fún wọn, kí olúkúlùkù lè mọ irú ẹni tí òun jẹ́ àti irú iṣẹ́ tó bá a mu. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa féèlì níbí o. Bí ẹ bá ṣe rí gan-an ni kí ẹ kọ."

Ìbéèrè kan ní: bí o bá dé àárín èrò tí o kò mọ̀ rí, ṣé wàá máa bá wọn sọ̀rọ̀ ni, tàbí wàá wá igun kan jókòó sí? Fèyíkẹ́mi fàmì sí igun. Òtítọ́ sì ni. Àmọ́ Dámisí tó wá sílé lọ́sẹ̀ náà ló jókòó tì í, ni ojú Fèyíkẹ́mi bá yà sí ìwé rẹ̀. Dámisí ní òun á máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Fèyíkẹ́mi pa igun rẹ́. Láti ibẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ìwé, ohun tí Dámisí bá fàmì sí ni òun náà ń fàmì sí, bí ọmọ tí kò kàwé títí ọjọ́ ìdánwò fi pé.

Nígbà tí Bùrọ̀dá Philip wo ìdáhùn wọn, ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, àárín èrò ni iṣẹ́ yín wà. Ọjà títà bá yín mu dáadáa." Inú Fèyíkẹ́mi dùn dé ìdí. Ó purọ́, ó sì gba irọ́ ara rẹ̀ gbọ́.

Kí oṣù náà tó parí, ó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá rẹ̀ rà fún un nígbà fírídọ́ọ̀mù. Ìyá rẹ̀ sunkún. "Fèyí, ta ló lé ọ kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ?"

"Ẹ má dààmú, Mọ́mì. Mo ti wá mọ ara mi báyìí."

Ó wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, ó lọ gba ṣọ́ọ̀bù. Ibo ló gbà á sí? Ọ̀kánkán Dámisí gan-an. Dámisí ló bá a gbá ilẹ̀ ibẹ̀. Òun náà ló mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kó béèlì òkìrìkà fún òun. Oore yẹn dun Fèyíkẹ́mi ju èébú lọ.

Ọjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, wọ́n á da aṣọ rú, wọ́n á ná an títí, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Dámisí ní tirẹ̀ á máa bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọn yóò fi rà. Fèyíkẹ́mi kò lè fara dà á. "Ẹ má tú aṣọ mi ká mọ́!" ló máa ń pariwo mọ́ wọn. Tó bá di ọ̀sán, orí á ti máa fọ́ ọ.

Bí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín ní ọ̀kánkán, á ṣe é bíi pé òun ni wọ́n ń fi rín. Bí ẹnìkan bá gbé báàgì jáde níbẹ̀, á máa fojú tẹ̀ lé báàgì náà títí yóò fi kọ́nà. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àdúrà gan-an kò ṣe é gbà: tó bá ti dijú, ṣọ́ọ̀bù Dámisí ló ń rí.

Ọ̀rẹ́ mi, owú kì í dá jókòó. Bí o kò bá lé e jáde, yóò rán ọ níṣẹ́.

Ó rán Fèyíkẹ́mi. Ó lọ bá Kúbúrátù tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Saifudeen, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o, mà. Àwọn aṣọ Dámisí yẹn, ara òkú ni wọ́n ti ń bọ́ wọn wá."

"Aúsùbilláhi!" Ìyá Saifudeen káwọ́ lérí. "Ara òkú kẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà sáré ju ọ̀kadà lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi fóònù rán an síra wọn. Ìyá kan wá dá aṣọ ọmọ rẹ̀ padà, igi ló fi gbé e bí ẹni gbé òkú ejò. Kò pẹ́ kò jìnnà, ṣọ́ọ̀bù Dámisí dá páro.

Fèyíkẹ́mi wá kó aṣọ tirẹ̀ síta, ó ń retí èrò. Kò sẹ́ni tó yà. Ó pe ọmọbìnrin kan tó ń kọjá, ni ọmọ náà bá fà sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kó aṣọ òkú yẹn lẹ ti ń kó tiyín?"

Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ibì kan náà ni wọ́n ti ń kó béèlì! Owú ti fọ́ ọ lójú débi pé kò rántí.

Ó jókòó sáàárín òkìtì aṣọ. Kò ní oníbàárà, kò ní ẹ̀rọ, kò ní ọ̀rẹ́. Ohun tó dẹ́rù bà á jù ni pé ṣọ́ọ̀bù Dámisí ti ṣófo bí òun ṣe fẹ́, síbẹ̀ inú òun kò dùn rárá.

Ó gbójú sókè, ó rí Dámisí lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Saifudeen ti sọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn," ni Dámisí wí. Ohùn rẹ̀ kò le.

Fèyíkẹ́mi dìde. Ìjà ìbá tù ú lára. "Ṣé o wá lù mí ni? Ó yá, lù mí!"

"Fèyí, kí ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ojú ènìyàn!" Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ ni gbogbo wọn ń wò. Mo jíwèé rẹ wò lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, torí mo fẹ́ dà bíi tìrẹ."

"Mo rí ọ." Dámisí jókòó sórí béèlì. "Ṣé o mọ ohun tó lé mi kúrò nídìí aṣọ rírán? Ìwọ ni. Ọ̀gá wa kì í fi aṣọ tèmi han oníbàárà, tìrẹ ló máa ń gbé jáde. Mo kórìíra ọwọ́ rẹ yẹn, Fèyí. Mo máa ń gbàdúrà kí abẹ́rẹ́ gún un."

Fèyíkẹ́mi wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Mo rò pé tí mo bá kó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó máa tán. Owú bá mi wọkọ̀ ni. Ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Jésù, tí mo ní kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wẹ̀ mí, ọjọ́ yẹn ni mo tó lè rẹ́rìn-ín tó dénú. Ohun tó o ṣe yìí dùn mí wọra, ṣùgbọ́n mo ti dárí jì ọ́. Èmi ò wá lè wẹ ọkàn rẹ. Ìwé Bùrọ̀dá Philip náà ò lè wẹ̀ ẹ́. Ká ní òótọ́ lo tiẹ̀ kọ síbẹ̀, owú á ṣì jókòó tì ọ́ nídìí ẹ̀rọ rẹ."

Fèyíkẹ́mi kúnlẹ̀ sáàárín òkìrìkà. Kò wá ọ̀rọ̀ dídùn kan. "Olúwa, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mo bá ọ bínú pé o dá mi bí mo ṣe rí. Mo ba orúkọ ọ̀rẹ́ mi jẹ́. Jésù, ìwọ tó kú fún mi, gbà mí. Èmi rèé."

Ẹni tó kú fún un gbọ́ ọ. Báwo ni a ṣe mọ̀? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó máa ń wá igun jókòó sí jáde sí àárín èrò. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Dámisí, ó gbóhùn sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Irọ́ ni mo pa mọ́ Dámisí. Owú ló mú mi pa á."

Ìyá Saifudeen pòṣé. "Ìwọ ọmọ yìí, ojú ò tì ọ́?"

"Ojú ń tì mí, mà. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ ju ohun tí mo ti ń gbé kiri lọ."

Ìyá náà dìde, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Dámisí, ó mú ẹ̀wù kan, ó nà án mọ́ àyà. "Èyí fẹ̀ jù fún mi," ló wí. "Ta ló máa bá mi rán an wọlé?"

Fèyíkẹ́mi nawọ́ gbà á.

Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló padà. Irọ́ tó ti jáde kì í gbọ́ ìpè. Ṣùgbọ́n Fèyíkẹ́mi ti padà sí Ọ̀yọ́, ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ ló ṣì fi ń ṣiṣẹ́, òkìrìkà tí kò bá sì bá àwọn oníbàárà Dámisí mu, òun ló ń tún un rán. Owú ṣì máa ń kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ mìíràn. Ó ti mọ Ẹni tí yóò ké pè.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ìwé ta ni ò ń jí wò? Ẹni tí ẹ jọ jáde ilé ìwé ni, àbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, àbí ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tìrẹ? Ó dára kí ènìyàn mọ ara rẹ̀, kí ó sì yan iṣẹ́ tó bá a mu. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè rí iṣẹ́ tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, kí ó sì gbé ọkàn dúdú lọ síwájú ìtẹ́ ìdájọ́.

Lọ́jọ́ náà, kò ní sí ẹni tó máa jókòó tì ọ́ tí wàá yọjú wo ìdáhùn rẹ̀. Olúwa kò ní bi ọ́ léèrè ìdí tí o kò fi jẹ́ Dámisí. Ìwọ gan-an ni yóò bi léèrè nípa ara rẹ.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Nínú ọkọ̀ tí o wà, tàbí nídìí ọjà rẹ, pa ohun tí o jí kọ rẹ́. Jésù kò lé ẹnikẹ́ni padà rí. Kí o tó ká ìwé yìí, sọ fún un pé: "Èmi rèé."