Àjẹ̀ Méjì Nínú Bóòtù Ẹlẹ́ńjìnì Méjì

Òkú obìnrin náà ṣì wà nínú bóòtù nígbà tí Ayẹ̀rọwò dé èbúté. Wọ́n ti fi aṣọ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, àfi bàtà ẹsẹ̀ òsì tó yọ síta. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù.

Bóòtù ilé ìwòsàn ni. Ẹ́ńjìnì méjì ló wà nídìí rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ogún ìṣẹ́jú ló yẹ kó fi sọdá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni olóògbé, ọkàn ló ń bá a jà, àgbá afẹ́fẹ́ tí wọ́n gbé tì í kò sì lè ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Àárín omi ni ẹ́ńjìnì méjèèjì ti rọ. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi wà níbẹ̀ kí àwọn apẹja tó fà wọ́n padà. Kò sí ìṣirò tó le níbẹ̀.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ti parí ìwádìí tirẹ̀ kó tó mu tíì.

"Awakọ̀ ti wà látìmọ́lé," ó ní. "Eré ló sá. Ẹ́ńjìnì gbóná, àláàmù ń ké, kò dúró. Aago mẹ́rin ọ̀sán òní la máa gbé e lọ sí kóòtù. Ọdún méje ló kéré jù, Màdáámù."

"Ta ló sọ pé ó sáré?"

"Ta ni ò mọ̀?"

Ayẹ̀rọwò kò fẹ́ràn ẹni tó bá ń sọ pé ta ni ò mọ̀. Àjọ tó ń bójú tó ojú omi ló gbà á síṣẹ́. Ọdún méjìlélógún ló ti ń wo inú ẹ́ńjìnì, kò sì tíì rí èyí tó jẹ́wọ́ nítorí pé wọ́n pariwo mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n fún òun di aago mẹ́rin.

Ọmọ olóògbé jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Aránṣọ ni. Òun nìkan ló bá ìyá rẹ̀ wọ bóòtù. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó.

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ṣé awakọ̀ yẹn sáré?"

"Kò sáré, mà. Jẹ́jẹ́ ló ń wa á. Èmi gan-an ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tá a ti gbéra ló ti ń wẹ̀yìn. Mo rò pé màmá mi ló ń wò."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Àláàmù ọ̀tún ké. Ó pa á lójú ẹsẹ̀. Ó ní tòsì á gbé wa dé. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí tòsì náà fi ké. Ńṣe ló kàn ń rẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ó na àjẹ̀ kan sí mi, ó mú ìkejì, a bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Èmi tí n ò di àjẹ̀ mú rí. Màmá mi ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó bó. Inú Ayẹ̀rọwò bàjẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀ sínú bóòtù.

Àjẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ìjókòó, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kùn wọ́n bíi ti ọkọ̀ àwọn apẹja. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọjá síbi ẹ́ńjìnì. Ihò tí omi ń gbà wọlé mọ́ tónítóní, kò sí ọ̀rá, kò sí koríko. Ó tú epo sínú ìgò, ó gbé e sókè sí oòrùn. Omi ò dà pọ̀ mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀, tọ̀tún ní pọ́ǹpù tirẹ̀, tòsì ní tirẹ̀. Ẹ́ńjìnì méjì kì í jọ ṣàìsàn láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, àfi tí wọ́n bá jọ jẹun níbì kan.

"Níbo ni wọ́n ti tún wọn ṣe kẹ́yìn?" ó bi ọ̀gá ọlọ́pàá.

"Ọ̀dọ̀ Bàbá Gbóhùn. Àná ni."

Ó ní kí wọ́n gbé òkú náà kúrò, kí wọ́n wọ́ bóòtù náà lọ síbẹ̀.

Gbogbo ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe lójú omi yẹn, ọwọ́ Bàbá Gbóhùn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì kì í kúrò níwájú rẹ̀ kó má kọ́kọ́ sítáàtì rẹ̀ lórí ilẹ̀, kó gbọ́ ohùn rẹ̀, kó tó fọwọ́ sí ìwé. Awakọ̀ tó wà látìmọ́lé yẹn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni.

Ayẹ̀rọwò tú pọ́ǹpù ọ̀tún. Kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan wà nínú rẹ̀, ó ní ọmọ mẹ́fà bí ìka, àwọn ni wọ́n ń fa omi lọ tu ẹ́ńjìnì lára. Ọmọ méjì ti ya dànù. Etí àwọn yòókù ti jó, ó dúdú. Tòsì, ọ̀kan ló ya. Rọ́bà tuntun ni méjèèjì.

Ó yíjú sí ọkùnrin tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọkùnrin náà, ẹnu rẹ̀ ò sì gbófo.

"Ayédèrú lo fún wọn?"

"Háà, Màdáámù. Ebi ń pa mí lóòótọ́, àmọ́ kò tíì tó èyí tí màá fi pààyàn." Ó gbé páálí jáde. "Ìkẹta wọn nìyí. Ẹ wò ó fúnra yín."

Ayẹ̀rọwò tẹ̀ ẹ́, ó lọ́ ọ, rọ́bà náà padà sípò. Ojúlówó ni. Èyí tó jó, ooru ló jó o, ọ̀ràn náà kì í ṣe ti ọjà.

"Bu omi fún mi kí n fọwọ́."

"Inú kẹ́ẹ̀gì la ti ń bù ú o. Omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ láti ọjọ́ Ajé."

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Ayẹ̀rọwò gbé ìwé iṣẹ́ Ọjọ́rú. "Mo pààrọ̀ rọ́bà méjèèjì. Mo gbọ́ ohùn: ó dára." Ọwọ́ Bàbá Gbóhùn ló wà nísàlẹ̀.

Bàbá náà ń nu sípánà. Ó tẹjú mọ́ ẹnu Ayẹ̀rọwò bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá, omi tó yẹ kó gba inú pọ́ǹpù ò sí lánàá. Báwo lẹ ṣe gbọ́ ohùn wọn?"

"Gbígbẹ ni. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, mo pa á. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ení, èjì, ẹ̀ta kì í pa rọ́bà."

Òótọ́ ni. Fóònù ń dún nínú àpò Bàbá. Ó dún títí, ọkùnrin sítọ́ọ̀ fọwọ́ kàn án léjìká, ó nàka sí àpò náà.

"N kì í gbé fóònù lẹ́nu iṣẹ́," ni Bàbá wí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ayẹ̀rọwò fa ọkùnrin sítọ́ọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Lánàá, ṣé ení, èjì, ẹ̀ta lo gbọ́?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Mò ń ka nọ́ọ̀tì sínú agolo ni, mà. Mo ti ka ọgọ́ta kọjá kí wọ́n tó pa tọ̀tún. Ó ń han bí ewúrẹ́. Mo rò pé Bàbá ń wá nǹkan kan nínú rẹ̀."

"Ta ló tún wà níbẹ̀?"

"Oníbàárà méjì. Àti ọmọ Bàbá, awakọ̀ yẹn, òun ló wá gbé bóòtù."

Ayẹ̀rọwò padà. Bàbá ti kẹ̀yìn sí bóòtù. Ayẹ̀rọwò yí kọ́kọ́rọ́ bóòtù, ó fi wáyà kan irin ẹ́ńjìnì kí àláàmù lè ké. Ó ké. Ọkùnrin sítọ́ọ̀ fọwọ́ di etí, ajá kan ní òdìkejì sá lọ. Ayẹ̀rọwò kà á dé ogún.

Bàbá Gbóhùn ń nu sípánà rẹ̀ lọ.

Ayẹ̀rọwò pa àláàmù, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, níbi tó ti lè rí ẹnu òun dáadáa.

"Bàbá. Láti ìgbà wo ni etí yín ti di?"

Bàbá rí i pé omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Ó gbé sípánà sílẹ̀.

"Ọdún kejì nìyí. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Mo wá ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnì lórí. Lọ́jọ́ míì, ọwọ́ mi á gbọ́ ọ. Lánàá kò tètè gbọ́, mo wá fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ títí mo fi rò pé mo gbọ́."

"Rọ́bà jó nínú pọ́ǹpù, Bàbá. Láìsí omi, irin ló ń ha á. Nígbà tó dé ojú omi, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ò lè fa omi tó. Ẹ́ńjìnì gbóná, ó wá dín agbára ara rẹ̀ kù kó má baà jó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dúró sáàárín omi."

"Mo mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti rí rọ́bà yẹn lọ́wọ́ yín ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ẹ ò gbọ́ mọ́?"

"Ta ló máa gbé ẹ́ńjìnì fún adití? Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀. Ikú yá jẹ̀sín, Màdáámù."

"Ikú tí ẹ wí yẹn, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló lọ."

Bàbá mi orí. Ó ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún ọkùnrin sítọ́ọ̀.

"Wọ́n á dá ọmọ mi sílẹ̀?"

"Wọ́n á dá a sílẹ̀."

"Ó tán. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé àgọ́ ọlọ́pàá. Aránṣọ wà lórí bẹ́ńṣì. Awakọ̀ dúró sẹ́yìn irin, ọwọ́ tirẹ̀ náà ti bó. Bàbá rí i, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti mú kọ́kọ́rọ́ dání, ìbuwọ́lù Ayẹ̀rọwò nìkan ló kù.

Ó gbé bírò, ó tún ìwé ara rẹ̀ kà láti òkè. Ó dúró síbi àjẹ̀. Ìbá wù ú kó fò ó, àmọ́ kò fò ó.

"Níbo lo ti rí àjẹ̀ méjì yẹn?"

Awakọ̀ kò gbójú sókè. "Mo yá a nínú ọkọ̀ apẹja."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀. Ká tó gbéra."

"Ta ní í gbé àjẹ̀ méjì sínú bóòtù ẹlẹ́ńjìnì méjì? Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti gbéra lo sì ti ń wẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnì lò ń wò."

Awakọ̀ ṣàlàyé. Ilẹ̀ ló ń bá sọ ọ́.

"Ẹ̀yìn Bàbá ni mo dúró sí lánàá. Mo gbọ́ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń han. Mo na ọwọ́ kí n fọwọ́ kan Bàbá, mo rí àwọn oníbàárà, mo fà á padà. Báwo ni màá ṣe sọ fún bàbá mi lójú àwọn èèyàn pé wọn ò gbọ́ ẹ́ńjìnì mọ́? Mo ní tí ilẹ̀ bá mọ́, èmi fúnra mi á pààrọ̀ rọ́bà náà, wọn ò ní mọ̀. Aago mẹ́fà ni wọ́n pè mí pé Tíṣà ò lè mí. Bóòtù míì ò sí. Mo gbé àjẹ̀, mo ń gbàdúrà."

"O ò sọ fún wa," ni aránṣọ wí látorí bẹ́ńṣì. "O mọ̀, o ò sọ fún wa."

"Mo mọ̀."

Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá padà sínú àpò. Ó yọ ìwé ẹ̀sùn kejì nínú dúrọ́ọ̀, ó tẹ́ ẹ ti àkọ́kọ́.

Bàbá Gbóhùn ti ń wo ẹnu kan dé èkejì. Ọmọ rẹ̀ dorí kodò ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀, kò rí nǹkan kan kà lẹ́nu rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó lọ yẹn nìkan ló rí.

"Kí ló wí?" ó bi wọ́n. "Kí ló dé tí wọn ò ṣílẹ̀kùn?"

Ọ̀gá ọlọ́pàá wo Ayẹ̀rọwò.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni awakọ̀ sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ má sọ fún wọn."

Ayẹ̀rọwò súnmọ́ Bàbá títí ó fi dé ibi tó ti lè rí ẹnu òun. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde.

Níwájú gbogbo wọn, Bàbá gbé ọwọ́ sẹ́yìn etí.

"Ẹ má bínú, Màdáámù," ó ní. "Ẹ gbé ohùn yín sókè díẹ̀. N ò gbọ́."