Ẹ̀gbà Ọwọ́ Kan, Wáyà Kan

Ìjà ni wọ́n fi pàdé. Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni, nílé iṣẹ́ kòkó kan ní Bẹẹrẹ, níbi tí Kúlúsúmù àti Àkíbù ti ń jókòó ti bọ́ọ̀dù tẹlifóònù, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Bọ́ọ̀dù méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò Èkó tirẹ̀ tí wọ́n ń fi okùn bọ̀ láti so ìpè, ṣùgbọ́n wáyà kan ṣoṣo ló lọ sí Èkó.

Kúlúsúmù á bojú wẹ̀yìn, á rí i pé kò sí okùn nínú ihò Èkó lára bọ́ọ̀dù Àkíbù. Kó tó yí padà fi okùn tirẹ̀ bọ ihò, Àkíbù náà ti wò, ó ti fi tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Oníbàárà méjì á sì já lu ọ̀rọ̀ ara wọn. Ọ̀gá ti ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹnì kan máa lọ sílé.

"Mo wò ó, Bùọ̀dá Àkíbù. Okùn yín ò sí níbẹ̀."

"Èmi náà wò ó. Ká máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì."

"Wíwò yẹn gan-an ló ń tàn wá. Àárín ìgbà téèyàn wò àti ìgbà tó mú un ni wàhálà ń gbà wọlé."

Kúlúsúmù bọ́ ẹ̀gbà idẹ ọwọ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó ara ògiri láàárín wọn. Ẹni tí ẹ̀gbà kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ihò Èkó. Wàhálà tán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì tó ń sáré sí ìṣó kan lójoojúmọ́, ẹ mọ ibi tírú rẹ̀ ń yọrí sí. Kò pẹ́ tí Àkíbù fi ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́, tí inú ọmọbìnrin náà sì ń dùn tílẹ̀ bá ti mọ́.

Nílé àwọn Kúlúsúmù ní Ọ̀rányàn, èyíkéyìí nínú àwọn àgbà ló lè gba obì ìtọrọ ọmọ. Àwọn èèyàn Àkíbù gbé obì wá. Bàbá Kúlúsúmù wò ó pé kò sẹ́ni tó ti tọrọ rẹ̀, ó gbà á. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mápó. Òun náà wò ó bẹ́ẹ̀, ó gba obì àwọn ará ilé ọkùnrin mìíràn tó ń fẹ́ Kúlúsúmù, Màmúdù.

"Ẹnu àgbà lobì í gbó sí," ẹ̀gbọ́n bàbá wí. "Èmi lẹ̀gbọ́n. Màmúdù ló ni ín."

Kúlúsúmù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà tó bí àwọn ọkùnrin méjèèjì, ó fi ẹ̀gbà tó wọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ó ro ọ̀rọ̀ wáyà Èkó fún un látòkè délẹ̀. Ìyá ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ò jẹ̀bi. Ẹ wò, ẹ ò rí ẹnì kankan. Ẹ dá obì méjèèjì padà. Láti òní, ẹni tí mi ò bá fi ẹ̀gbà lé lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ wá tọrọ ọmọ nílé yìí."

"Ìyá, èmi lẹ̀gbọ́n."

"O wá gbọ́n ju èmi tí mo bí ọ?" Ó kọjú sí Kúlúsúmù. "Ta lo fẹ́?"

"Àkíbù ni, Ìyá."

Ó dá ẹ̀gbà náà padà fún un.

Lọ́jọ́ kejì, Àkíbù jókòó ti bọ́ọ̀dù rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Obì rẹ̀ ti padà sílé lálẹ́ àná, ìṣó ara ògiri sì ṣófo.

"Bùọ̀dá, ẹ nawọ́ yín."

Kúlúsúmù fi ẹ̀gbà sí i látẹ́lẹwọ́. "Ìyá Àgbà ní kí àwọn èèyàn yín mú un dání tí wọ́n bá ń gbé obì tuntun bọ̀. Òun ni wọn ó bá."

"Àbẹ̀kẹ́ mi," ni Àkíbù lè wí. Ó di ẹ̀gbà mú, ó di ọwọ́ tó gbé e wá mú pẹ̀lú. Èkó ń pè lára bọ́ọ̀dù méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.