Ọwọ́ Tó Fa Bíréèkì

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, bíréèkì ọwọ́ ló dá ìjà sílẹ̀. Ọmọbìnrin aránṣọ kan dúró lẹ́bàá títì pẹ̀lú ẹrù aṣọ, òjò ń ṣú bọ̀, awakọ̀ búrẹ́dì sì ṣàánú rẹ̀, ó ní kó wọlé síwájú. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ewúrẹ́ kan fi já sójú ọ̀nà. Kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọbìnrin náà ti na ọwọ́ sáàárín ìjókòó méjèèjì, ó fa bíréèkì ọwọ́ sókè, ọkọ̀ dúró gbọ̀ọ̀. Gbogbo búrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ya lulẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kan nǹkan nínú ọkọ̀ mi?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa wo ojú mi dípò ojú ọ̀nà?"

Òótọ́ ni, ojú ọmọ ọlọ́mọ ni awakọ̀ ń wò. Ó fẹ́ sọ bíréèkì náà kalẹ̀, kò lọ. Ó tì í, ó fà á, òógùn bò ó. Ọmọbìnrin náà kàn gbé e sókè díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, ó fẹ́ ẹ. Ó ń pè é ní Ìyá Bíréèkì, ìyàwó náà ń pè é ní Oníbúrẹ́dì mi. Bí wọ́n bá jọ ń lọ, téèpù ìwọnṣọ á wà lọ́rùn ìyàwó, nítorí kì í rántí yọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì wà lórí bíréèkì.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?" ọkọ á bi í.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Mò ń ṣọ́ ọ ni."

Ìfẹ́ wọn dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Àmọ́ nígbà tó yá, àìsàn kọ lu ìyàwó. Nígbà tí ìyàwó ò lè dìde nílẹ̀ mọ́, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Oníbúrẹ́dì mi, ta ni yóò máa fa bíréèkì fún ọ báyìí?"

"Èmi náà lọ́wọ́, àbí n ò lọ́wọ́?"

"Má mutí wakọ̀ o. Má jẹ́ kí n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dìde."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kò pẹ́ sígbà náà, obìnrin náà kú.

Ẹni tí kì í fẹnu kan ọtí wá di ẹni tí ọtí mọ̀ dáadáa. Ilé rẹ̀ ti tutù jù, àwọn aṣọ oníbàárà tí ìyàwó ò rán tán ṣì wà lórí ẹ̀rọ, kò sì lágbára àtikó wọn kúrò. Ìyá ìyàwó rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí, ó rẹ̀ ẹ́. Màmá ní òun ò tún fẹsẹ̀ kan ilé ọ̀mùtí mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó mutí yó kó tó gbé búrẹ́dì ìkẹyìn lọ. Ohun tó rántí ni pé ó wọnú ọkọ̀. Ohun tó tún rántí lẹ́yìn ìyẹn ni ìka tó ń kan gíláàsì ko-ko-ko. Ọkọ̀ ti dúró láàárín ọ̀nà, òun sì ti gbórí lé sítíárìn ọkọ̀, ó ń hanrun. Níwájú gan-an, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kọjá lọ sílé. Ọkọ̀ náà sún mọ́ wọn débi pé èyí tó kẹ́yìn fọwọ́ nu eruku ara ọkọ̀ bó ṣe ń kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀ kalẹ̀," ọlọ́pàá ọ̀dọ́ kan sọ. "Ìyàwó yín ti sọ̀ kalẹ̀ ní tiẹ̀."

"Ìyàwó wo?"

"Ẹni tó jókòó síwájú pẹ̀lú yín. Ó ní kí n má pariwo mọ́ yín, pé ó rẹ̀ yín."

Ara awakọ̀ bù máṣọ. Òórùn búrẹ́dì gbóná gba inú ọkọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ òwúrọ̀ ni wọ́n ti yan búrẹ́dì ọ̀hún. Bíréèkì ọwọ́ ti lọ sókè pátápátá. Ọlọ́pàá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, kò gbọ́. Okùn ni wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí àgọ́ wọn, tí táyà ẹ̀yìn ń ha ilẹ̀.

Wọ́n ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó mutí, ẹ̀rọ sọ òótọ́. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé. Kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ojú ń tì í. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá ìyàwó rẹ̀ ló bá níwájú àga ọ̀gá ọlọ́pàá, tó ń ṣe onídùúró fún un kí wọ́n lè gba béèlì rẹ̀.

"Màmá, ta ló sọ fún yín?"

Màmá ò wò ó. "Kọ́kọ́ wọ bàtà ẹ."

Lọ́jọ́ kóòtù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti mú lọ́yà wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Wọ́n á ka ẹ̀sùn fún ọ, wàá ní o ò jẹ̀bi," lọ́yà sọ. "Wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú. Tí ọlọ́pàá bá wá jẹ́rìí, a ó bi í bóyá ó rí ọ níbi tó o ti ń wakọ̀. Kò rí ọ. Ọkọ̀ ti dúró. Òun fúnra ẹ̀ ló sì ní obìnrin kan wà níbẹ̀. Ìwọ á ní ìyàwó ẹ ló wakọ̀, pé nígbà tó dá ọkọ̀ dúró lẹ pààrọ̀ àyè, kí ọlọ́pàá tó dé."

"Ìyàwó mi ti kú, sà."

"Ta ló máa bi ọ́ léèrè?"

"Àbúrò, gbọ́ràn," ẹ̀gbọ́n dá sí i. "Tí wọ́n bá gba ìwé ìwakọ̀ ẹ, kí lo fẹ́ máa jẹ? Wọn ò lè ti òkú mọ́lé."

Ó wo ẹ̀yìn. Màmá jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ jókòó síbẹ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èèyàn wà níbẹ̀."

Akọ̀wé kóòtù ka ẹ̀sùn. Awakọ̀ ní òun ò jẹ̀bi. Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọlọ́pàá ọ̀dọ́ náà búra, ó sì rojọ́ bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀. Lọ́yà dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Obìnrin tẹ́ ẹ rí yìí, báwo ló ṣe rí?"

"Ó kúrú díẹ̀, sà. Ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn. Ọwọ́ ẹ̀ wà lórí bíréèkì, ó dì í mú gírígírí, ọwọ́ náà sì ń gbọ̀n. Ó dà bíi pé ọ̀nà jíjìn ló ti sáré wá. Ó ní kí n dúró ti ọkọ òun títí á fi jí, ló bá bọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe yíjú padà, n ò rí i mọ́."

Àánú obìnrin náà ṣe awakọ̀ ju ti ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó sinmi, òun ló jí i. Wọ́n tún wá fẹ́ kó dúró rojọ́ nítorí òun.

"Ṣé ìyàwó ẹ ló wakọ̀ lọ́jọ́ yẹn?" lọ́yà bi í, nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀.

Ó dìde. Ó wo àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá.

"Olúwa mi, mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ mi padà. Mo jẹ̀bi. Èmi ni mo mutí, èmi ni mo wakọ̀. Ìyàwó mi ò ṣe nǹkan kan ju pé ó dá mi dúró."

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ?" adájọ́ bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n, Olúwa mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n ò lè purọ́ mọ́ ọn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ káwọ́ lérí. Lọ́yà jókòó. Adájọ́ gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan, ó sì pàṣẹ pé kó máa gbá títì níwájú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yẹn. Iṣẹ́ búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyẹn.

Wọ́n lọ gba ọkọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n tó ń bínú ni yóò wà á, Màmá jókòó sẹ́yìn, awakọ̀ sì jókòó síbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n dojú kọ bíréèkì, ó fà á títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

"Irin yìí ti gan pa!"

"Ẹ jẹ́ n bá a sọ̀rọ̀," awakọ̀ sọ. Ó gbé ọwọ́ lé e. Irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ọwọ́ èèyàn, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Bíréèkì mi, o ṣé. Tú u sílẹ̀. Màá máa ṣọ́ ara mi."

Bíréèkì gbéra sókè díẹ̀. Orí rẹ̀ tẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ní ìjókòó ẹ̀yìn, Màmá na ọwọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lè ráyè. Ó dúró díẹ̀.

"Ó dàárọ̀, ọmọ mi," ó sọ, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.