Òdo Tí Hikmah Kọ

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Hikmah jókòó sẹ́bàá kàǹga ìyá rẹ̀ àgbà ní Ayépé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ìka rẹ̀ kọ̀, kò tẹ nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì Mọ́ṣádé ló yan ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí pé kó máa ka iye ẹni tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tó sì ń bì ládùúgbò wọn, kó máa fi iye náà ránṣẹ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, Òdógbolú á rí i, Abẹ́òkúta á rí i, Àbújá náà á rí i lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí àjàkálẹ̀ àrùn fẹ́ gbà wọ̀lú nìyẹn, kó tó di ohun tí apá ò ká mọ́.

Ọmọ mẹ́ta ni àìsàn dá dùbúlẹ̀ lágboolé wọn lọ́jọ́ náà. Hikmah mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Àlájà Sàúdátù, ìyá àgbà, náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí wọ́n dárúkọ onígbáméjì nílé òun. Ó ní ẹni tó bá pè é ló ránṣẹ́ sí i. Ọ̀túnla sì ni wọ́n fẹ́ so yìgì Mardiyah, àbúrò bàbá Hikmah. Bí àwọn elétò ìlera bá dé, wọn á ti kàǹga pa, àwọn àna á sì gbọ́.

"Inú ló ń run wọ́n," ni Àlájà wí. "Má kọ ilé wa síbẹ̀, ọmọ mi. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi wá ṣẹ̀sín ni?"

Hikmah tẹ òdo. Fóònù dá a lóhùn: "A dúpẹ́. Àlàáfíà ni àdúgbò yín wà."

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, Fatihah, ọ̀rẹ́ Hikmah tí ilé wọn kọjú sí tiwọn, wá bá wọn gé àlùbọ́sà ìnáwó. Oòrùn mú. Ó bu gààrì, ó fa omi tútù nínú kàǹga, ó rẹ ẹ́, ó sì bu díẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Hikmah ní òun ò fẹ́. Fatihah fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló ń kọ gààrì. Hikmah mọ ìdí tí òun fi kọ̀ ọ́. Kò sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni gbuuru àti èébì mú Fatihah. Kí ọkọ̀ tó gbé e dé Ìjẹ̀bú-Òde, ó ti dákẹ́. Wọ́n sin ín kí ìrun Aláásárì tó tó. Kò sẹ́ni tó tún rántí yìgì. Àwọn tó wá kí ìyá rẹ̀ ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Hikmah tẹ iye tó jẹ́ òótọ́. Kò tó wákàtí méjì tí Nọ́ọ̀sì Mọ́ṣádé fi dé. Wọ́n da oògùn sí kàǹga, wọ́n fún àwọn ọmọ mẹ́ta náà ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà, gbogbo wọn sì yè é. Wákàtí méjì yẹn ló pa Hikmah lẹ́kún.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" ni Nọ́ọ̀sì bi í.

"Ọjọ́ Jímọ̀, mà."

Nọ́ọ̀sì wo fóònù, ó rí òdo. Kò bá a wí. Ì bá sàn kó bá a wí.

Hikmah lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá Fatihah, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ti gààrì. Obìnrin náà dìde, ó wọ yàrá lọ.

Nígbà tó di Jímọ̀, Hikmah ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan kó tó kọ ohunkóhun. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá Fatihah, ó rọra bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń ṣàìsàn nínú ilé.

"Ta ló kù tí yóò ṣàìsàn?" ni obìnrin náà wí. "Kọ ọ́ bó ṣe rí."

Hikmah tẹ òdo. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, ó sì dùn ún ju irọ́ ọjọ́sí lọ. Àrùn tí a kọ̀ láti dárúkọ nítorí ìtìjú kò ṣàì mọ ọ̀nà ilé ẹni. Bí kò bá sì mú ẹni tó fi í pamọ́, ó lè mú ẹni tí kò mọ nǹkan kan.